Pupa Tó Di Àwọ̀ Ewé: Ìpinnu Eléwu MD Kan Nígbà Ọ̀wọ́n Náírà

Báńkì máíkrófáínáǹsì kan ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni tó wà níbẹ̀, torí iṣẹ́ ṣì ń lọ, àwọn oníbàárà wọn ṣì ń wọlé jáde. Àárín ọdún 2023 ni wọ́n ní kí n wá bá àwọn yẹ ìwé ẹ̀yáwó wò, kí wọ́n lè mọ ibi tí gbèsè gbà wọlé nígbà tí kọ̀ǹpútà ń sọ pé kò sí wàhálà. Àwọn kan nínú bọ́ọ̀dù ti ń fura pé olè ni. N kò rí olè kankan. Ká ní olè ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn láti parí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin ọjà Bódìjà àti Òjé, àwọn aránṣọ, àwọn awakọ̀ Micra, àwọn ló ń yáwó lọ́wọ́ báńkì yìí, ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, tí ọ̀kan ń ṣe onídùúró fún èkejì. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń san án. Òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní màkẹ́tà á yí ọjà ká láàárọ̀, á gbowó, á fi bírò sàmì sí káàdì oníbàárà, á kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, tó bá wá di ìrọ̀lẹ́ á tẹ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, MD, ìyẹn ọ̀gá àgbà báńkì náà, á ṣí ojúewé kan tó kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ẹgbẹ́ tó san owó rẹ̀ pé, àwọ̀ ewé. Ẹgbẹ́ tó pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ kan péré, àwọ̀ ìyeyè. Èyí tó bá ti lé ní ọjọ́ 30, pupa.

Pupa yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, kò fún báńkì máíkrófáínáǹsì láàyè tó fún báńkì ńlá. Ẹ̀yáwó tó bá fi lé ní ọjọ́ 30 ti kúrò ní ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Tó bá fi máa pé ọjọ́ 91, wọ́n ti kà á sí owó tó sọnù, báńkì sì gbọ́dọ̀ yọ iye rẹ̀ pátápátá kúrò nínú èrè, tí èrè kò bá tó, kó yọ ọ́ lára owó àwọn onípìn-ín. Báńkì kékeré tí irú rẹ̀ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹni tó máa kógbá sílé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 yẹn náà, báńkì máíkrófáínáǹsì 132 ni CBN gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn.

Èèyàn méjì ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn. MD jẹ́ obìnrin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ báńkì, ìyá rẹ̀ sì ta aṣọ òkè ní Òjé títí ọjọ́ ogbó. Kò jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan lọ jókòó ti ìsọ̀ onígbèsè láti dójú tì í. Ó ní ará ọjà kì í gbàgbé irú ìyẹn. Alága bọ́ọ̀dù jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, gbólóhùn kan kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀: "Owó olówó ni." Lójú tirẹ̀, àánú tí èèyàn fi owó ẹlòmíì ṣe kì í ṣe àánú. Ọmọlúàbí ni àwọn méjèèjì, n kò sì rí èyí tí mo lè pè ní èèyàn burúkú nínú wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dárúkọ òfò, ojú ìyá ọlọ́jà tí wọ́n fi ṣẹ̀sín láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ni MD máa ń rí. Alága á rí ojú bàbá tó kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wá fún wọn tọ́jú.

Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, CBN kéde pé wọ́n máa pààrọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fi ṣe gbèdéke, kí wọ́n tó sún un di ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ẹni tó bá wà ní Nàìjíríà lásìkò yẹn kò nílò àlàyé púpọ̀: owó àtijọ́ wọlé sí báńkì, tuntun kò jáde. Owó bébà tó wà níta jákèjádò orílẹ̀-èdè lé ní tírílíọ̀nù 3 náírà ní oṣù Kẹwàá yẹn. Nígbà tí oṣù Kejì fi máa parí, ó ti já sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 982. Owó fúnra rẹ̀ di ọjà tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ oní-POS. Ní Bódìjà, ẹni tó ra ìrẹsì á fi tíránsífà sanwó, álẹ́ẹ̀tì kò ní dé, oníṣòwò kò ní gbé ọjà sílẹ̀, ìjà á bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí oṣù Kejì fi dé ìdajì, ojúewé MD ti di àwọ̀ ìyeyè láti òkè délẹ̀. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n dìbò ààrẹ, pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kí ló wà nídìí àwọn àwọ̀ wọ̀nyí? Ibẹ̀ ni mo lo àkókò mi jù sí nígbà tí mo dé.

Ìyá kan wà tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà. Ó ti san owó ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ láti orí fóònù ọmọ rẹ̀. Owó náà wọ àkántì tí báńkì kékeré yìí ní sí báńkì ńlá kan, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ló wà lára rẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀yáwó kò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ gbèsè tí wọ́n ń fi í san. Akọ̀wé owó gbé e sínú àkántì suspense, ibi tí owó tí wọn kò mọ olówó rẹ̀ máa ń wà. Lójú kọ̀ǹpútà, ìyá yìí kò san kọ́bọ̀. Ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ ó rí pupa. Ẹ ṣí suspense, ẹ ó rí owó rẹ̀ níbẹ̀, pípé.

Irú kejì ni àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ àtijọ́. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti pàṣẹ ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì pé kí ìjọba má tíì mú gbèdéke yẹn ṣẹ. Ààrẹ wá jáde ní ọjọ́ 16 pé 200 nìkan ni èèyàn ṣì lè ná, títí di ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Màkẹ́tà wo ló máa gba 1,000 àtijọ́ lọ́wọ́ aláta lẹ́yìn ìyẹn? MD ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má gbà á. Oníbàárà nawọ́ owó, báńkì kò gbà á, kọ̀ǹpútà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé oníbàárà kò san.

Irú kẹta ni àwọn tó rí àyè sá. Wọ́n ń rówó, wọ́n ń ná an, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé lọ́sẹ̀ yẹn kò sẹ́ni tó lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Àwọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tí gbèsè pẹ́ ni wọ́n kọ́ sọ́fítíwíà náà láti kà, kò sì ka ohun mìíràn. Wọ́n ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún tí kò sí wàhálà, torí pé nígbà tí owó ń rìn dáadáa, ẹni tó pẹ́ àti ẹni tí kò fẹ́ san sábà máa ń jẹ́ ẹnì kan náà.

Bọ́ọ̀dù ṣe ìpàdé lẹ́yìn ìdìbò. Mo ka àkọsílẹ̀ rẹ̀, mo sì bi àwọn tó wà níbẹ̀ léèrè.

"MD, kí ni òfin wa sọ nípa pupa?" Alága ló bẹ̀rẹ̀.

"Kí a dá ẹ̀yáwó tuntun dúró, kí a ké sí àwọn onídùúró, sà."

"Ṣé ẹ ti ké sí wọn?"

"Bàbá, àwọn onídùúró náà wà lórí ìlà níwájú ATM. Tí a bá lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, ìtìjú la máa dá sí wọn lára, a ò ní rówó kankan gbà bọ̀."

Wọ́n fà á títí. Alága ní tí àwọn tó fowó pamọ́ bá wá béèrè owó wọn lọ́la, ṣé ìtìjú la máa kà fún wọn? Ìbéèrè gidi ni. MD dáhùn pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá tú ká nígbà ọ̀wọ́n owó kò ní padà wá nígbà tí owó bá dé, báńkì tí kò bá sì ní ẹgbẹ́ kò ní ibi tí owó olówó yóò ti jèrè. Òun ló borí. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìsanwó síwájú ní oṣù méjì fún "àwọn tí ọ̀wọ́n owó dí lọ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kọ ọ́.

Lérò tèmi, ìpinnu yẹn tọ̀nà. Ewu wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ewu tó wà nínú kíké sí onídùúró lọ́sẹ̀ yẹn pọ̀ jù ú lọ, kò sì sí lórí ojúewé MD rárá, torí sọ́fítíwíà kì í ka iye ẹgbẹ́ tó máa tú ká.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wá bá MD, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àwọn wo gan-an ni ọ̀wọ́n owó dí lọ́wọ́?" Ìbéèrè tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni bi ní gbogbo oṣù yẹn nìyẹn. Láti dáhùn rẹ̀, wọ́n ní láti tú suspense wò, kí wọ́n sì pe màkẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni, àwọn òṣìṣẹ́ pàápàá kò rí owó ọkọ̀ wọ wá síbi iṣẹ́. MD ní kó kàn sún ọjọ́ gbogbo wọn síwájú. Ó lo ibi tí wọ́n ti lè yí ọjọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó padà lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ojúewé náà ti di àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan sọ fún mi pé inú gbogbo ilé dùn lọ́jọ́ yẹn, ojú wọn wá tutù.

Sọ́fítíwíà náà ní àpótí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́, tí èèyàn lè fi sàmì pé wọ́n ti sún ẹ̀yáwó yìí síwájú rí, kó sì kọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yáwó tó bá ní àmì yìí máa ń dá dúró lọ́tọ̀ nínú ìròyìn tó ń lọ sọ́dọ̀ bọ́ọ̀dù. Kò sẹ́ni tó sàmì sí ẹyọ kan. Mo bi MD léèrè ìdí. Ó kọ́kọ́ ní àyè kò sí. Lẹ́yìn náà ló ní òun kò fẹ́ kí Alága máa rí ìlà gígùn yẹn lóṣooṣù, kó máa dá òun lẹ́bi. Àánú ló mú un sún ọjọ́. Ìtìjú ló mú un fi àpótí yẹn sílẹ̀ lófìfo. Méjèèjì wọ aṣọ kan náà lọ́jọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ kò sì lè sọ ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá wò ó: kọ̀ǹpútà ti pe irú èèyàn mẹ́ta ní pupa, MD wá pe irú èèyàn mẹ́ta kan náà ní àwọ̀ ewé. Kò tún ojú ẹ̀rọ náà ṣe. Ó kàn yí ọ̀nà tó gbà fọ́ padà ni.

Ní gbogbo àkókò yìí, ẹnì kan wà tó mọ̀. Màkẹ́tà kan tó ń rìn láti Òjé dé gáréèjì àwọn oní-Micra kò yéé ṣí ìwé rẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tí kò rówó gbà. Níwájú orúkọ kan, ó kọ: "ó fowó hàn mí, àtijọ́ ni." Níwájú òmíì: "ó ní òun ti firánṣẹ́, mo rí álẹ́ẹ̀tì lórí fóònù rẹ̀." Níwájú òmíì: "ó rí mi, ó yà." Ìwé yìí ni sọ́fítíwíà tó yẹ kí báńkì ní, nínú àpò obìnrin tí wọn kì í pè sípàdé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé wọ́n lè máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 13, CBN sọ fún àwọn báńkì kí wọ́n tẹ̀ lé e. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn obìnrin ọjà san, ọ̀pọ̀ nínú wọn kí ọjọ́ tí wọ́n sún tó pé. Àwọn awakọ̀ kan wá dọ̀bálẹ̀ fún MD ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kò sí báńkì mìíràn tó ṣe ohun tó ṣe fún àwọn.

Ní oṣù Kẹrin, ẹgbẹ́ awakọ̀ yẹn béèrè owó ńlá láti fi ra Micra tòkúnbọ̀. Ìpinnu eléwu kejì nìyí, òun ló sì gbé báńkì ṣubú sórí orúnkún. Oṣù méjì tí wọ́n fi sún ọjọ́ kò tíì pé. Ẹni tó san àti ẹni tó ń sá, kọ̀ǹpútà kò tíì retí owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn, nítorí náà àwọ̀ ewé ni gbogbo wọn. Alága béèrè bóyá àwọn èèyàn wọ̀nyí jẹ gbèsè. Wọ́n fi ojúewé hàn án. Ó fọwọ́ sí i láìjanpata.

Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí òun ló le jù ní oṣù Kejì. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó yani lẹ́nu. Ẹni tó gbára lé òfin máa ń bi ìwé léèrè, kì í bi èèyàn. Tí ìwé bá mọ́, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn. Òótọ́ inú rẹ̀ gan-an ló jẹ́ kó rọrùn fún ojúewé náà láti tàn án.

Ti MD le ju ìyẹn lọ, torí òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Báwo ló ṣe wá gba ohun tí òun fúnra rẹ̀ kùn gbọ́? Ó ní àràárọ̀ ni òun ń rí àwọ̀ ewé yẹn, nígbà tó yá òun kò rántí mọ́ pé ọwọ́ òun ló wà níbẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ohun kejì tún wà: ó gbà tọkàntọkàn pé ẹni a bá ṣàánú fún kò ní já wa kulẹ̀. Àwọn tó wá dọ̀bálẹ̀ yẹn di ẹ̀rí lójú rẹ̀, ó sì kà á mọ́ ìròyìn, bẹ́ẹ̀ ìdúpẹ́ ni, kì í ṣe ìsanwó.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n búra fún ààrẹ tuntun, ó sì kéde níbẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Iye tí ìjọba fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀ kò tó náírà 200 fún lítà kan. Kí oṣù náà tó parí, ó ti di 488 sí 557 káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní oṣù Keje, ó dé 617. Awakọ̀ Micra tó ń fi èrò mẹ́rin rìn láti Bẹẹrẹ sí Mọ́kọ́lá fi owó kún owó ọkọ̀, àwọn èrò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Owó ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lórí àwọn ọkọ̀ tuntun wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kò rí san. Lọ́tẹ̀ yìí, pupa tó yọ kò ní ìtumọ̀ méjì.

Báńkì kọ́kọ́ gba àwọn ọkọ̀ náà padà. Ìyẹn kò ṣàǹfààní: ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, tí táyà rẹ̀ ti jẹ, kò lè ta iye gbèsè tó wà lórí rẹ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n pè mí. Mo ní kí MD pe màkẹ́tà yẹn. Ó wọlé pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó jókòó sí etí àga bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dá lẹ́jọ́, a sì gbé àwọn ojúewé oṣù Kejì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ àwọn tó gba Micra. Àwọn tó kọ "ó yà" síwájú orúkọ wọn ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò san. MD wo ìwé yẹn pẹ́, kò sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe gbogbo wọn ṣá o. Ọ̀kan nínú àwọn tí ìwé náà yìn gbé ọkọ̀ gba ọ̀nà Ìlọrin, a kò rí i mọ́ di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹlòmíì tí wọ́n kọ "ó yà" sí san gbogbo rẹ̀ dé kọ́bọ̀ tó kẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ bímọ lọ́sẹ̀ tó ń sá yẹn. Ìwé màkẹ́tà kì í ṣe Ifá. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí kọ̀ǹpútà kò mọ̀.

Báńkì náà kò kú. Èrè ọdún yẹn lọ, àwọn onípìn-ín kò gba nǹkan kan, MD ṣì wà nípò. Alága wá gba ọ̀nà òdì kejì: fún ọ̀pọ̀ oṣù kò fọwọ́ sí ẹ̀yáwó kankan, títí kan ti àwọn obìnrin Bódìjà tí kò jẹ ẹnikẹ́ni. Díẹ̀ nínú wọn lọ yáwó lórí fóònù, lọ́dọ̀ àwọn tó máa ń fi orúkọ onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀. Ìtìjú tí MD fẹ́ yẹ̀ fún wọn ní oṣù Kejì, ibòmíì ni wọ́n ti bá a pàdé.

Fún àwa tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ohun tí mo máa kọ́kọ́ wò báyìí ní báńkì èyíkéyìí ni ọjọ́ méjì lórí ẹ̀yáwó kan: ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá, àti ọjọ́ tí wọ́n sún un sí. Tí èkejì bá ti pa àkọ́kọ́ rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, kò sí ìròyìn tí mo lè gbà gbọ́ níbẹ̀. Ẹni tó pàṣẹ àtúnṣe kò sì gbọdọ̀ dá nìkan túmọ̀ ohun tí àtúnṣe náà fi hàn. Kí ẹlòmíì, tí kò ní àǹfààní kan nínú àwọ̀ ewé, máa ka iye owó tó wọlé ní tòótọ́, kó sì máa tú suspense lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ti ìwà ṣòro díẹ̀, torí kò sí sọ́fítíwíà fún un. Mo ti ń ní kí àwọn aláṣẹ kọ ìlà kan sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ojúewé: òfò wo ni mo ń bẹ̀rù jù nínú ọ̀rọ̀ yìí? Alága kọ "owó olówó." MD kọ "ẹgbẹ́ tó tú ká," ó ronú, ó fi "kí bọ́ọ̀dù máa fi ojú àìmọṣẹ́ wò mí" kún un. Ìlà kejì yẹn ló yẹ kó ti wà lórí tábìlì ní oṣù Kejì. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ní irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò bá hàn, inú nọ́ńbà ló máa sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo tẹ àwọn tó ń ta sọ́fítíwíà náà láago ní Èkó, mo béèrè iye tí wọ́n máa gbà láti jẹ́ kí ojúewé MD máa fi ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìdí ìsúnsíwájú hàn. Ọmọkùnrin tó gbé fóònù ní kí n dúró, ó ṣí nǹkan kan wò, ó ní: "Sà, ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Wọn kàn ní kí a pa á ni, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí ojúewé kún jù."